Bí A Ṣe Ń Mú Ohùn Píánò Oníná Bá Ohùn Akọrin Mu: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Atẹ-dùùrù ní Èkìtì

Bí ẹgbẹ́ akọrin bá dìde láti kọrin ní Ìkéré tàbí ní Ìjerò, tí ohùn wọn kò sì bá ti píánò dọ́gba, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa atẹ-dùùrù kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí á na ọwọ́ sí bọ́tìnnì Transpose, kí á gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan, kí á tún gbé e wálẹ̀, títí orin yóò fi parí láìsí ojútùú. Kì í ṣe pé bọ́tìnnì náà bàjẹ́. Iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni a rán an. Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà tí a lè gbà yí ohùn píánò oníná padà, ẹni tí kò bá sì ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ yóò máa fi ọ̀kan tún ohun tí òmíràn bàjẹ́ ṣe. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ dùùrù fún akọrin, èrò mi sì ni pé ọ̀nà kẹta, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà nínú ẹ̀rọ wọn, ló yẹ kí àwa Èkìtì mọ̀ dunjú jù lọ, nítorí bí a ṣe ń kọ orin ìbílẹ̀ wa.

Ẹ fi àtẹ̀gùn ohùn, láti dò títí dé dò òkè, wé àkàsọ̀ tí ó ní ìgbésẹ̀ méjìlá. Bí ẹ bá lo Transpose, àkàsọ̀ náà kò kúrò lójú kan, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún ló yí padà: ẹ tẹ C, D ló dún. Bí ẹ bá lo Tuning, tí àwọn ẹ̀rọ kan ń pè ní Master Tuning, gbogbo àkàsọ̀ náà lódindi ni ẹ gbé sókè tàbí sílẹ̀ díẹ̀, àlàfo tó wà láàrin ìgbésẹ̀ kan sí èkejì kò sì yí padà rárá. Bí ó bá jẹ́ Scale Tune tàbí Temperament ni ẹ lò, ẹ kò gbé àkàsọ̀ kúrò níbì kankan. Àwọn igi ìdábùú inú rẹ̀ ni ẹ ń sún, tí ẹ ń mú ọ̀kan súnmọ́ èkejì tàbí kí ó jìnnà sí i.

Ìwọ̀n méjì ni a ó máa lò. Èkíní ni Hertz, tí a ń kọ ní Hz, tó ń sọ iye ìgbà tí nǹkan ń gbọ̀n láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohùn A tó wà lókè C àárín píánò ni a fi ń wọn ìyókù, 440 Hz sì ni lónìí. Kò fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀: ìjọba ilẹ̀ Faransé fi 435 lélẹ̀ ní 1859, ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní London ní 1939 ló fẹnu kò sí 440, ISO, àjọ tó ń fi ìwọ̀n àjùmọ̀lò lélẹ̀ fún gbogbo àgbáyé, sì gbà á wọlé ní 1955. Ìwọ̀n kejì ni sẹ́ǹtì, tí Alexander Ellis, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1885. Ó pín ààbọ̀-ohùn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn láti kíì kan sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ìbáà ṣe funfun tàbí dúdú, sí ọ̀nà 100, tí àpapọ̀ láti dò dé dò òkè fi jẹ́ 1200. Ní agbègbè A tí mo sọ yìí, Hz kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sẹ́ǹtì 4. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ẹ̀rọ kan a máa fi Hz hàn, òmíràn a sì máa fi sẹ́ǹtì hàn.

Ẹ kọ́kọ́ dá ẹ̀rọ padà sí ìpìlẹ̀

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ rí i dájú pé kò sí ohun tí ẹlòmíràn ti yí sílẹ̀ ṣáájú yín. Píánò ṣọ́ọ̀ṣì kì í ní ọ̀gá kan ṣoṣo. Ọmọ tó wá kọ́ dùùrù ní ọ̀sán Sátidé lè ti tẹ nǹkan tí kò mọ̀ pé òun tẹ̀. Ẹ wo Transpose, kí ó wà ní 0. Ẹ wo Tuning, kí ó wà ní 440.0 Hz, tàbí ní 0 bí ó bá jẹ́ sẹ́ǹtì ni ẹ̀rọ yín ń kà. Ẹ wo Temperament tàbí Scale, kí ó wà ní Equal, ìyẹn èyí tí gbogbo ààbọ̀-ohùn inú rẹ̀ dọ́gba. Bí ẹ kò bá lè rí ojú ibi tí àwọn nǹkan wọ̀nyí wà, ẹ lè dá ẹ̀rọ náà padà sí bí ó ṣe wà nígbà tí ó ti ilé iṣẹ́ jáde; lórí àwọn píánò Yamaha kéékèèké kan, ẹ ó tẹ kíì funfun tó gbẹ̀yìn pátápátá lọ́wọ́ ọ̀tún mọ́lẹ̀, ẹ ó sì tan ẹ̀rọ nígbà tí ìka yín ṣì wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ ti gbà sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ lè bá a lọ, nítorí náà ẹ má ṣe é ní ìkánjú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yan ohùn ọ́gàànù tó dúró ṣinṣin, kí ẹ má lo ohùn píánò. Ohùn píánò a máa kú lọ díẹ̀díẹ̀ kí etí tó gbọ́ ohun tó yẹ kí ó gbọ́, àmọ́ ti ọ́gàànù á máa dún níwọ̀n ìgbà tí ìka bá wà lórí kíì. Ẹ pa Chorus àti Rotary, àwọn àfikún ohùn inú ẹ̀rọ, nítorí àwọn méjèèjì ń mú kí ohùn máa mì fúnra rẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé àìdọ́gba ni ẹ ń gbọ́. Ẹ dín Reverb, àfikún tó ń mú ohùn dún bí ẹni pé ó wà nínú gbọ̀ngàn ńlá, kù pẹ̀lú. Mo ti rí ẹni tó fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan wá àìdọ́gba tí kò sí, Chorus tó ṣí sílẹ̀ ló ń gbọ́.

Ẹ wá ohùn tí ẹ ó fi wọn ìyókù

Ohun tí ẹ fẹ́ kí píánò bá mu ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Bí ó bá jẹ́ akọrin nìkan ni, 440 ti tó, nítorí ohùn ènìyàn yóò tẹ̀ lé ohun tó bá gbọ́. Bí gìtá bá wà níbẹ̀, ẹ ní kí onígìtá fi okùn tirẹ̀ bá píánò mu, nítorí ó rọrùn fún un ju bí ó ṣe rọrùn fún yín lọ. Ohun èlò tí kò lè yí padà, tàbí tí kò lè yí padà tó, ni píánò gbọ́dọ̀ tọ̀ lọ: agogo tí alágbẹ̀dẹ ti rọ, ọ́gàànù àtijọ́ tí kò sí ẹni tó lè tún un ṣe mọ́, fèrè onígi tí ihò rẹ̀ ti di èyí tí a dá.

Ọ̀pọ̀ ń fi áàpù orí fóònù wọn ohùn báyìí, ó sì dára. Kí ẹ tó gba ohun tó bá sọ gbọ́, ẹ wo iye tó fi ń wọn A nínú ètò rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti yí i sí 432, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri nípa ìwòsàn tó wà nínú 432, gbogbo ohun tí ẹ bá fi wọ̀n yóò fi sẹ́ǹtì 32 wálẹ̀, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta ààbọ̀-ohùn. Kò sí ohun tó burú nínú 432 fún ẹni tó bá ń dá tẹ píánò tirẹ̀ nínú yàrá. Níbi tí ohun èlò mẹ́rin bá ti pàdé, iye kan ṣoṣo ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jọ lò.

Irin fọ́ọ̀kì tí àwọn ọ̀gá akọrin àtijọ́ ń gbá mọ́ orúnkún ni mo ṣì fẹ́ràn jù, ó sì yẹ kí n sọ ìrírí mi nípa rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé kò lè jẹ́ èmi nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Mo yá ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ni ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Wọ́n kọ C sí i lára, wọ́n sì kọ 512 sí abẹ́ rẹ̀. Mo fi mú ohùn píánò wálẹ̀ títí ó fi bá irin náà mu, mo sì ní ìtẹ́lọ́rùn. Nígbà tó di ọjọ́ ìsìn, gìtá béèsì tí wọ́n fi fóònù wọ̀n àti píánò mi ń bá ara wọn jà láti orin àkọ́kọ́ dé orin ìkẹyìn. C tí àwọn olórin ń lò, èyí tó bá A 440 lọ, 523.25 Hz ni. 512 jẹ́ ti yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì, níbi tí wọ́n ti fẹ́ iye tó rọrùn láti ṣírò: 1 di 2, 2 di 4, 4 di 8, títí yóò fi di 512. Sẹ́ǹtì 38 ló wà láàrin méjèèjì. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ yá irin fọ́ọ̀kì ní ilé ẹ̀kọ́, irú èyí tó sì pọ̀ káàkiri Èkìtì, ẹ ka iye tó wà lára rẹ̀: 440 fún A, tàbí 523.3 fún C ni kí ẹ mú. Ẹ dá 512 àti 256 padà fún olùkọ́ físíìsì.

Bí ẹ bá ti rí irin tó péye, ẹ gbá a, ẹ fi ìdí rẹ̀ lé orí tábìlì onígi kí ó lè dún jáde, ẹ sì tẹ A kan náà lórí píánò. Bí ohùn méjèèjì bá fi díẹ̀ yàtọ̀, ẹ ó gbọ́ ìmì kan tó ń lọ tó ń bọ̀, wàá-wàá-wàá, bí ẹni pé ohùn náà ń mí. Iye ìgbà tó bá mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni iye Hz tó fi yàtọ̀: bí ọ̀kan bá wà ní 440 tí èkejì wà ní 442, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò mì. Bí ẹ ṣe ń mú wọn súnmọ́ ara wọn, ìmì náà á máa falẹ̀, títí yóò fi dákẹ́. Etí tó bá ti mọ ìmì yìí kò nílò fóònù mọ́, òun kan náà ni a ó sì lò nígbà tí a bá dé orí àtẹ̀gùn ohùn níwájú.

Ẹ gbé gbogbo ohùn sókè tàbí sílẹ̀

Lórí ẹ̀rọ tó ní skíríìnì, ẹ ó tẹ Function tàbí Menu, ẹ ó wá Tuning tàbí Master Tuning, ẹ ó sì fi àmì + àti − yí i. Lórí èyí tí kò ní skíríìnì, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀, ẹ ó sì tẹ kíì tí ìwé ìlò ẹ̀rọ náà bá dárúkọ. Tẹ̀ kan a máa gbé ohùn ní ìwọ̀n díẹ̀, ẹ óò sì máa kà á lọ́kàn. Ẹ má ṣe ṣàfarawé ohun tí ẹ rí lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, nítorí kíì tó ń gbé ohùn sókè lórí ọ̀kan lè jẹ́ èyí tó ń yí ìlù padà lórí òmíràn.

Lórí ọ̀pọ̀ píánò Yamaha, Roland àti Casio, Tuning kì í kọjá nǹkan bí 415 Hz nísàlẹ̀ àti 466 lókè. Kì í ṣe pé wọ́n kàn yan iye wọ̀nyí: 415 ni ohùn tó fi ààbọ̀ kan wà nísàlẹ̀ 440, 466 sì ni èyí tó fi ààbọ̀ kan wà lókè rẹ̀. Ohun tó bá ju ààbọ̀-ohùn kan lọ, iṣẹ́ Transpose ni. Bí ẹ bá nílò ààbọ̀-ohùn kan àti díẹ̀, ẹ ó lo méjèèjì pọ̀: Transpose fún odindi, Tuning fún ìyókù.

Àwọn tó ń fọn tàǹpẹ́tì ló ń mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì jù ní ọ̀dọ̀ wa. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Èfọ̀n-Aláayè, lábẹ́ àwọn òkè wọ̀nyẹn, a máa tutù gan-an, afẹ́fẹ́ tútù sì ń mú ohùn tàǹpẹ́tì wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti fọn ún fún ogún ìṣẹ́jú, tí èémí wọn ti mú inú rẹ̀ gbóná, ohùn náà á gòkè. Píánò oníná kò mọ ọyẹ́, kò sì mọ ooru. Ibi tí ẹ fi í sí ni yóò wà. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ohùn àkọ́kọ́ tí tàǹpẹ́tì tútù bá fọn tún píánò ṣe. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọn orin méjì tàbí mẹ́ta kí ara irin náà yá, kí wọ́n wá fa páìpù ìfàgùn rẹ̀ jáde tàbí kí wọ́n tì í wọlé títí yóò fi bá yín mu. Bí páìpù náà bá ti wọlé tán tí ohùn wọn ṣì wà nísàlẹ̀, nígbà náà ni ẹ ó mú píánò lọ bá wọn, Hz kan lẹ́ẹ̀kan, títí ìmì yóò fi dákẹ́. Ẹ óò rántí láti sọ fún onígìtá kí ó tẹ̀ lé yín.

Akọrin tí ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí orin ti ń lọ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ má ṣe sún Tuning tẹ̀ lé wọn láàrin orin. Àárẹ̀, ìdúró tí kò dára tàbí kíì orin (ohùn tí a fi ṣe dò rẹ̀) tó ga jù ló ń fà á, bí ẹ bá sì sún píánò, ẹ ti kọ́ wọn pé kí wọ́n tún máa wálẹ̀ sí i.

Ibi tí Transpose ti wúlò

Kò pọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ níbí. Bí ẹ bá rí i pé orin kan ga jù fún àwọn màmá tó ń kọ ohùn òkè, ẹ lè mú un wálẹ̀ ní ààbọ̀-ohùn méjì pẹ̀lú Transpose −2, kí ẹ sì máa tẹ ohun tí ẹ mọ̀. Bí a bá sì gbé ìwé orin tàǹpẹ́tì B♭ lé yín lọ́wọ́, −2 kan náà ni ẹ óò lò láti tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, nítorí pé ohun tí wọ́n ń pè ní C ni àwa ń pè ní B♭. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan wà tí C nìkan ni wọ́n lè tẹ̀, tí wọ́n ń fi bọ́tìnnì gbé e lọ sí gbogbo kíì orin yòókù. Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín, èmi náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́ F àti G pẹ̀lú, nítorí ohun tí a fẹ́ sọ báyìí nípa àtẹ̀gùn ohùn kò lè yé ẹni tó gbà pé gbogbo kíì orin rí bákan náà.

Ohùn méjì àwa Èkìtì àti àtẹ̀gùn inú ẹ̀rọ

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí nípa orin ilẹ̀ Yorùbá ti ṣàkíyèsí pé, níbi tí orin àwọn Ọ̀yọ́ ti sábà máa ń jẹ́ ohùn kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn jọ ń gbé, àwa Èkìtì àti àwọn Ìjẹ̀ṣà a máa kọrin ní ohùn méjì tó ń rìn pọ̀, tí ọ̀kan fi ìwọ̀n dò sí mí, tàbí ohun tó súnmọ́ ọn, ga ju èkejì lọ. Kò sí ẹni tó kọ́ àwọn ìyá wa ní èyí nínú ìwé. Ẹni kan dá orin, ẹnìkejì sì ti mọ ibi tí òun yóò dúró sí lókè rẹ̀.

Ìwọ̀n dò sí mí yìí gan-an ni píánò ń ṣe àìdáa sí. Lórí píánò tó wà ní Equal, gbogbo ààbọ̀-ohùn jẹ́ 100 láìyàtọ̀, dò sí mí sì jẹ́ 400. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí kò ní ìmì rárá, èyí tí ohùn òkè fi ń gbọ̀n ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ń gbọ̀n ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, sẹ́ǹtì 386 ni. Equal ti fi 14 ga jù. Ẹ gbìyànjú rẹ̀: ẹ lo ohùn ọ́gàànù, ẹ tẹ C àárín àti E tó wà lókè rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì tẹ́tí. Ẹ óò gbọ́ ìmì tó yára, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn tó ṣe Equal mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fara mọ́ ọn kí gbogbo kíì orin méjìlá lè ṣe é lò bákan náà. Dò sí sọ kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, nítorí 700 ni Equal fún un, 702 sì ni ti àìnímì.

Láti tún un ṣe, ẹ wá Temperament tàbí Scale Tune nínú ẹ̀rọ yín. Ẹ óò rí orúkọ bíi Equal, Pure Major tàbí Just Major, Pythagorean, Meantone, Werckmeister àti Kirnberger. Ẹ yan Pure Major ná, kí ẹ lè gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wá Base Note, tí àwọn mìíràn ń pè ní Root tàbí Temperament Key, kí ẹ sì fi dò orin tí ẹ fẹ́ tẹ̀ síbẹ̀. Bí orin bá wà ní F, F ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, tí wọ́n á wá sọ pé ohùn píánò ti bàjẹ́: wọ́n fi C sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń tẹ orin ní E♭. Ẹ wá tẹ dò, mí, sọ pọ̀. Ìmì náà ti lọ. Ohùn mẹ́ta náà yóò dúró jẹ́ẹ́ bí omi inú agbada.

Kí ẹ má tíì yọ̀ púpọ̀, ẹ tẹ re àti là pọ̀. Nínú Pure Major, àlàfo wọn jẹ́ 680 dípò 702, ó sì dún bí igbe. Orin wa tó pọ̀ nínú ìwé orin ìsìn ló máa ń kúrò ní dò lọ sinmi ní sọ láàrin ẹsẹ, kọ́ọ̀dù (àwọn ohùn tí a jọ tẹ̀ pọ̀) tí wọ́n sì ń gbà kọjá síbẹ̀ ni èyí tó dúró lórí re, tó ní là nínú. Ibẹ̀ gan-an ni Pure Major yóò ti dójú tì yín. Fún orin ohùn méjì tí kì í kúrò lórí kíì kan, tó ń lọ jẹ̀jẹ̀, tí kò sí gìtá níbẹ̀, ó dára púpọ̀. Fún ìsìn odindi, mi ò ní lò ó.

Èyí tí mo ń lò, tí mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ dán wò, ni Kirnberger III, tí wọ́n fi orúkọ Johann Kirnberger pè, olórin ilẹ̀ Jámánì tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Bach, gbajúmọ̀ olórin ilẹ̀ náà. Ó fi dò sí mí sílẹ̀ ní 386 gẹ́lẹ́, kò sì fi gbogbo gbèsè náà lé re àti là nìkan lórí: ó pín in sí àlàfo mẹ́rin, dò sí sọ, sọ sí re, re sí là, là sí mí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi dín díẹ̀ ní sẹ́ǹtì 5 péré sí bó ṣe yẹ. Etí kì í tètè mọ̀ ọ́n. Orin tó bá lọ sí sọ tó sì padà yóò lọ láìsí igbe kankan. Ohun tí ẹ óò fi san án ni pé àwọn kíì orin tó jìnnà sí Base Note yóò le ju Equal lọ; bí Base Note bá jẹ́ C, kọ́ọ̀dù F♯ àti D♭ yóò mú etí. Ẹ óò máa yí Base Note padà láti orin dé orin, tàbí kí ẹ padà sí Equal fún orin tó ń rìn jìnnà.

Bí ẹ̀rọ yín kò bá ní Kirnberger, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ kí ẹ tún kíì kọ̀ọ̀kan ṣe fúnra yín, ẹ lè kọ́ àtẹ̀gùn tiyín. Bí C bá jẹ́ dò, ohun tí Pure Major ń béèrè ni kí D lọ sókè ní 4, kí E wálẹ̀ ní 14, F ní 2, kí G lọ sókè ní 2, kí A wálẹ̀ ní 16, kí B sì wálẹ̀ ní 12. Ìdajì iye wọ̀nyí ni èmi máa ń fi sí i: E −7, A −8, B −6, mo sì ń fi ìyókù sílẹ̀ ní 0. Dò sí mí kò ní dákẹ́ pátápátá, àmọ́ ìmì rẹ̀ yóò falẹ̀ dé ìdajì, re àti là kò sì ní ké. Kíì dúdú ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa tẹ́tí lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì fi iye kan ṣe iṣẹ́ tí etí lè ṣe.

Ohun méjì kan wà tó lè ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni gìtá: àwọn irin tó wà ní ọrùn rẹ̀ ti fi í sí Equal, kò sì lè tẹ̀ lé yín. Ọjọ́ tí gìtá bá wà, ẹ dúró lórí Equal. Èkejì ni Transpose. Lórí àwọn ẹ̀rọ kan, Base Note a máa bá kíì tí ẹ ń tẹ̀ lọ. Lórí àwọn mìíràn, ohùn tó ń jáde ló ń tẹ̀ lé. Ẹ fi Base Note sí C, ẹ fi Transpose sí +2, ẹ tẹ C, E, G pọ̀ pẹ̀lú Pure Major. Bí ó bá dúró jẹ́ẹ́, ohun tí ìka yín ń tẹ̀ ni ẹ̀rọ ń wò. Bí ó bá ń mì tàbí tó ń ké, ohùn tó ń jáde ni, D ni ẹ gbọ́dọ̀ fi sí Base Note.

Kí iná tó lọ

Gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe yìí lè parẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí iná bá lọ. Ọ̀pọ̀ píánò ni yóò padà sí Transpose 0, A 440 àti Equal bí ẹ bá ti pa á, àyàfi tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ fún un pé kí ó rántí. Orúkọ rẹ̀ lórí àwọn Roland kan ni Memory Backup, lórí àwọn Casio kan ni Auto Resume, lórí Yamaha ẹ wá Backup. Ẹ ṣí i, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì wò bóyá ó rántí lóòótọ́, nítorí lórí àwọn kan ó ń rántí Tuning, kò sì ń rántí Temperament. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìkórè kí ẹ tó mọ èyí, nígbà tí wọ́n bá yí láti ìlà iná sí jẹnẹrétọ̀ láàrin orin.

Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe sórí ìwé pélébé kan, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ níbi tí atẹ-dùùrù yòówù lè rí i: Tuning mélòó, Transpose mélòó, Temperament wo, Base Note wo, àti orin tí ẹ ṣe é fún. Bí ìsìn bá ti parí, tí píánò kì í bá ṣe tiyín nìkan, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà sí 440, 0 àti Equal kí ẹ tó bo aṣọ lé e.